Sítíárìn Jíìpù Tó Ń Fì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, Jeep CJ-5 ọdún 1969 ni mo ń tún ṣe. Sítíárìn rẹ̀ ń fì gan-an kí táyà tó yí. Ṣé kí n fún sukúrúù ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ le?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Àpótí Ross ló yẹ kó wà lára ọkọ̀ yín. Ọdún 1972 ni Saginaw, tí wọ́n to ọmọ irin róbótó-róbótó sínú rẹ̀, gbapò rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí apá irin tó ní ẹ̀kàn méjì, Ross nìyẹn. Ẹ fi ìka tọ́ orí ẹ̀kàn náà wò: bó bá ti jẹ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí sukúrúù tó lè gbà á là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ìdérí òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀pá sítíárìn kò fi ní mì sókè-sódò mọ́, àmọ́ tí yóò ṣì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni sukúrúù kàn. Kí táyà dojú kọ iwájú gbọọrọ o! Àárín ni wọ́n ti mú ojú ọ̀nà ẹ̀kàn fún pọ̀ jù. Bí ẹ bá fún un nígbà tí táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, sítíárìn lè há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì.