Kí A Tó Pè É Ní Ibà: Ẹ̀kọ́ Lórí Oyún Tuntun



Nígbà tí a ń bẹ ilé yín wò, a rí ìyàwó kékeré kan tí ó ti ń ṣàárẹ̀ fún bí oṣù kan. Ó ń bì, kò lè jẹun dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ó sì ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lé e. A bi í pé ìgbà wo ni ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ronú títí, ó ní bóyá kí àwọn tó gbin àgbàdo ni. Oyún oṣù méjì ni ó wà nínú rẹ̀.

A kò bá a wí. Ìyá rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ó wà, àgbà obìnrin kan ì bá ti wo ojú rẹ̀ kí ó sì mọ̀. Ní Alakahia níhìn-ín, a ní láti máa kọ́ ara wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. ÀWỌN ÀMÌ OYÚN TUNTUN

Àmì tí ó ṣáájú ni pé nǹkan oṣù kò ní dé ní àkókò rẹ̀. Nítorí náà, kí gbogbo obìnrin tí ó ṣì ń bímọ ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, kí ó máa sàmì sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àmì yòókù ni pé ọyàn yóò máa dun ènìyàn bí a bá fọwọ́ kàn án. Yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Àárẹ̀ àti oorun yóò pọ̀. Itọ́ yóò máa dà lẹ́nu. Èébì lè máa gbé e láàárọ̀ tàbí nígbàkúgbà. Òórùn epo lórí iná lè di ìríra fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ a máa kán, obìnrin a sì rò pé nǹkan oṣù ni.

Ibà náà a máa mú èébì àti àárẹ̀ wá, oyún àti ibà sì lè wà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́, ẹ yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Ohun èlò pélébé tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò wà ní kẹ́mísì. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni ó dára jù. Bí kò bá fi oyún hàn, tí nǹkan oṣù kò sì dé, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ara bá ń gbóná, ẹ lọ sí ilé ìlera kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà.

2. ÌDÍ TÍ A KÒ FI NÍ DÚRÓ TÍTÍ IKÙN YÓÒ FI YỌ

Ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí a rí kẹ́yìn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò oyún, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ihò tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé. Nígbà náà, nǹkan oṣù kò tíì fi ju ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ lọ. Bí kò bá pa dé dáadáa, a lè bí ọmọ náà pẹ̀lú àbùkù. Oògùn kékeré tí a ń pè ní folic acid, 400 máíkrógíráàmù lójúmọ́, ń dín ewu yìí kù. Ó dára kí obìnrin tí ó ń retí ọmọ ti máa lò ó kí ó tó lóyún, kí ó sì lò ó títí di ọ̀sẹ̀ 12.

Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aboyún rí olùtọ́jú ó kéré tán ìgbà 8, kí ìgbà àkọ́kọ́ sì wáyé kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró di oṣù karùn-ún. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

3. OHUN TÍ A Ó ṢE

(a) Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín. Wọn yóò wọn ìfúnpá, wọn yóò yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, títí kan ti HIV. Bí ọ̀ràn bá le, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Port Harcourt wà ní Alakahia yìí kan náà.

(b) Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ugu, ẹyin, ẹja àti ọsàn. Ẹ̀bà nìkan kò tó. Bí èébì bá ń yọni lẹ́nu, ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀.

(d) Ẹ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn lóru gbogbo. Oògùn SP tí a fi ń dènà ibà kò sí fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ni nọ́ọ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín.

4. OHUN TÍ A Ó YẸRA FÚN

Kí aboyún má dá oògùn lò: oògùn aràn, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí Alabukun, nítorí asipirín wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti HIV tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró. Kí ó tètè lọ sọ fún dókítà. Ẹ yẹra fún ọtí àti sìgá. Nzu tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí àwọn obìnrin ń jẹ nítorí èébì, ẹ má jẹ ẹ́; òjé wà nínú rẹ̀, ó sì lè pa ọpọlọ ọmọ lára. Kí aboyún má fọn oògùn tí ń pa kòkòrò tàbí koríko. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fọn ọ́n fúnra yín, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ fọn ọ́n fúnra yín.

5. ÀMÌ EWU

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni: ẹ̀jẹ̀ tí ń wá, inú rírun gidigidi, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan, òòyì tàbí dídákú, ara gbígbóná, èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró nínú. Oyún lè dúró síta ilé ọmọ. Irú rẹ̀ lè bẹ́ sínú, kí ó sì gba ẹ̀mí ìyá ní wákàtí díẹ̀.

6. TA NI YÓÒ GBỌ́?

A mọ̀ pé àṣà wa kò fẹ́ kí a pariwo oyún tuntun. A kò ní kí ẹ pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ mọ̀, kí àgbà obìnrin kan ní ibùdó mọ̀, kí nọ́ọ̀sì sì mọ̀. Kí ọkọ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ náà lọ, kí ó sì gba igbá ẹ̀gẹ́ lórí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kékeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀, ìyá kan ní ilé kejì sì ń bá a lọ sí ilé ìlera.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Ọjọ́ wo ni o rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn? Ṣé o sàmì sí i?
2. Kí ni a ó ṣe kí a tó lo oògùn ibà?
3. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lára ìyàwó yín lóru òní, ọkọ̀ ta ni ẹ ó pè?

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.