Ẹ̀kọ́ Àjọ̀dún: Ìṣọ̀kan Ìjọ àti Ẹ̀tọ́ Aláìní

Bíbélì kíkà: Jòhánù 17:20-23, Míkà 6:6-8

Alẹ́ tí wọ́n máa mú Jésù ni ó gbàdúrà nítorí ìṣọ̀kan àwa onígbàgbọ́. Míkà ní tirẹ̀ kọ́ni pé òdodo sí ọmọnìkejì ṣe pàtàkì lójú Ọlọ́run ju ẹbọ lọ. Ẹ̀kọ́ méjèèjì so kọ́ra.

Ní Nàìjíríà níbí, ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti fẹ́ para pọ̀ di ìjọ kan ṣoṣo rí. Wọ́n jíròrò fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ sí 11 December, 1965. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni nǹkan dàrú nítorí àìgbọ́ra-ẹni-yé, wọ́n ní kí ó di ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ náà kò tíì dé títí di òní. Àwa aláṣọ funfun kò sí níbẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ni kò kà wá sí ìjọ rárá. Ṣùgbọ́n ní 1975, Àjọ Ìjọ Àgbáyé gba Ìjọ Olúwa Aládùúrà ti Ògèrè wọlé. Ní 1976 ni àwọn Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì dá CAN sílẹ̀. Lónìí, ìsọ̀rí 5 ni ó wà nínú CAN, àwa ìjọ tí Áfíríkà dá sílẹ̀ sì wà nínú OAIC.

Lójú tèmi, ọ̀nà CAN yìí bá wa mu ju ti 1965 lọ: kí kálukú di ìlànà rẹ̀ mú, kí ohùn jẹ́ ọ̀kan. Kí ohùn náà má sì jẹ́ ti àsìkò ìbò nìkan!

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ní 5 June, 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn wọ ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Nígbà tí àwọn dókítà ń wá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, ta ni yóò bèèrè bóyá Àgùdà ló ni ín tàbí Aládùúrà?

Ẹ jẹ́ ká wá sí Omifúnfun. Bí ẹbí ọkọ bá gba oko kòkó lọ́wọ́ opó, tí àlùfáà rẹ̀ nìkan lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n lè má dá a lóhùn. Bí wòlíì wa, kátíkísì Àgùdà àti pásítọ̀ Áńgílíkà bá jọ wọlé pọ̀ ńkọ́?

Fún ìjíròrò ní kíláàsì: Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn èkejì, ọjọ́ wo sì ni?