Mọ́dígáàdì Kẹ̀kẹ́ Nígbà Òtútù: Bí Omi Ṣe Ń Fò àti Bí A Ṣe Ń Dá A Dúró

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí yunifásítì tàbí ibi iṣẹ́ nílùú Ọba, pàápàá àwọn tó ra road bike, kẹ̀kẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ kì í ní mọ́dígáàdì láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà ooru, kò sí wàhálà. Tó bá di oṣù kọkànlá tí òjò àti òtútù pàdé, ẹ máa mọ̀ pé nǹkan kù.

Kí ló ń gbé omi sókè?

Táyà tó bá tẹ omi máa ń gbé díẹ̀ dání bó ṣe ń yí. Òfin kìíní Newton ni pé ohun tó bá ń lọ fẹ́ máa lọ tààrà. Táyà ń yí po, ṣùgbọ́n omi ò fẹ́ yí po. Ibi tó bá kọjú sí nígbà tó já kúrò lára táyà ló máa gbà lọ. Ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òkè ló kọjú sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Ìyẹn tó mítà 5.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ojú táyà ṣe ń yára yí. Ẹ sọ 5.6 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 19.6 pín in, ìyẹn òòfà ilẹ̀ 9.8 lọ́nà méjì. Ó máa fún yín ní nǹkan bíi mítà 1.6. Tí a ò bá ka afẹ́fẹ́ sí, bí omi ṣe lè fò sókè tó nìyẹn! Èyí tó bá já lókè díẹ̀ á tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn yín ló sì máa bà lé.

Táyà iwájú ń da tiẹ̀ sí bàtà yín àti ṣéènì. Omi ọ̀hún kì í sì í ṣe omi lásán, torí wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kó má bàa di yìnyín. Omi iyọ̀ sì máa ń jẹ́ kí irin tètè dípẹtà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Kẹ́ ẹ tó ra mọ́dígáàdì, ẹ wo nǹkan méjì. Ṣé ihò bóòtù wà nítòsí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, lára fọ́ọ̀kì àti férémù? Ṣé àyè wà láàárín táyà àti bíréèkì? Fún táyà mílímítà 25 tàbí 28, mọ́dígáàdì tó fẹ̀ tó mílímítà 35 sábà máa ń bá a mu. Tí kò bá sí ihò tàbí àyè, ẹ ra èyí tí wọ́n ń fi rọ́bà so. Kò ní bo táyà tó ti gidi, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ.

Bí a ṣe ń dè é

1. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ ti mọ́dígáàdì gba abẹ́ bíréèkì, kẹ́ ẹ fi bóòtù mú un mọ́ orí fọ́ọ̀kì tàbí mọ́ férémù.
2. Ẹ so àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ ihò ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún un le.
3. Ẹ dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ fa ọ̀pá síta tàbí sínú títí àlàfo tó wà láàárín táyà àti mọ́dígáàdì á fi tó bíi mílímítà 10 yíká.
4. Ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Tó bá ń dún ṣìẹ̀-ṣìẹ̀, ó ń ha táyà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó ti ń ha á, kẹ́ ẹ sún un.
5. Ẹ fún bóòtù le díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì. Ẹ fi ayùn irin gé ọ̀pá tó bá ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ dé e lórí kó má gún yín.

Ibi tó léwu

Tiwájú ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Tí igi kékeré bá há sáàárín táyà àti mọ́dígáàdì, táyà lè wọ́ ọ sókè, kí mọ́dígáàdì ká jọ, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì dúró gbọnrangandan. Kẹ̀kẹ́ dúró, àmọ́ ara yín ṣì ń lọ. Òfin Newton yẹn náà ni, orí lẹ sì máa fi ṣubú. Ìdí nìyẹn tí mọ́dígáàdì iwájú tó dáa fi ń ní ìdìmú oníke tó máa ń jábọ̀ fúnra ẹ̀ tí nǹkan bá fà á. Ẹ fọwọ́ fà á wò kẹ́ ẹ rí i pé ó ń jábọ̀ lóòótọ́. Ẹ má fi wáyà tàbí bóòtù rọ́pò ẹ̀ láéláé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń kan mọ́dígáàdì, ẹ rọra níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ yà lójijì. Ẹ máa wo àwọn bóòtù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà, torí gbígbọ̀n títì máa ń tú wọn.

Tẹ́ ẹ bá gùn ún nínú òjò, ẹ wo bàtà yín tẹ́ ẹ bá délé. Tó bá rẹ gbindin, ìdí mọ́dígáàdì iwájú ló kúrú. Ẹ gé rọ́bà pẹlẹbẹ kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn kó sún mọ́ ilẹ̀. Owó kékeré ni, ẹsẹ̀ yín á sì gbẹ.