Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Fi Inú Rírun Falẹ̀



Bí inú bá ń run wá ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, kẹ́mísì ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ. Bí ìrora bá ti lọ sílẹ̀, ó parí. Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni jẹjẹrẹ o, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ a máa fara jọ ọgbẹ́ inú níbẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́hun fi ẹ̀ṣọ́ sí ara wa. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n. Wọ́n ń péjọ sínú àwọn kókó kéékèèké bí ẹ̀wà tó yí àpò oúnjẹ ká, láti gbógun ti àrùn. Àmọ́ jẹjẹrẹ lè tan ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí jẹ, kó sì fi inú kókó náà ṣe ibùgbé. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń yọ wọ́n yẹ̀ wò nígbà iṣẹ́ abẹ. Bí kókó bá yọ lókè èjìká òsì, nísàlẹ̀ ọrùn, ó lè jẹ́ àmì pé àrùn inú ti rìn jìnnà.

Ẹni tó bá ń rù, tí oúnjẹ ò wù ú mọ́, tó ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kó tètè lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìsọlọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á máa fọ ọwọ́, kí á sì máa mu omi tó mọ́. Kòkòrò Helicobacter pylori, tó lè fa ọgbẹ́ inú àti jẹjẹrẹ yìí, a máa bá ẹ̀gbin wọlé. Oògùn sì wà fún un.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí á máa wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.