Ẹ Gbọn Ibùsùn Yín Kí Ẹ Tó Sùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, nínú hádíìsì tí Búkárí àti Mùsílímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abú Huráírà, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ sùn kọ́kọ́ fi aṣọ rẹ̀ gbọn ibùsùn rẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí ó ti débẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibùsùn Ànábì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti olówó: awọ tí wọ́n ki fọ́nrán igi dàbínù sínú rẹ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni ìmọ́tótó ibùsùn.

Ní Mowe níbí, ọ̀pọ̀ wa ló ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kí a tó padà, ilẹ̀ ti ṣú. Ta ló wá ń ráyè fọ aṣọ ibùsùn? Bí a bá tún ra fóòmù àlòkù, tàbí tí a gbé ẹrù dé láti ibi ìpàgọ́, tí a jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, ìdun lè ti bá wa wọlé nìyẹn.

Ìdun kì í kó ibà ranni bí ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ojú ibi tí a bá họ a máa di egbò. Kì í sì í jẹ́ kí á sùn, bẹ́ẹ̀ ìrun Àsùbáà ń bọ̀.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni òtapíàpíà. Àwọn kan ń dà á sórí fóòmù, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn sùn. Oògùn tí a ń pè ní dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń gba imú wọ ara, ó sì lè pa ènìyàn. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de àwọn ìgò rẹ̀ kéékèèké, ti mìlílítà 100 sísàlẹ̀. Ẹ má dà á sí ibùsùn rárá.

Omi gbígbóná ni kí ẹ lò. Ẹ fi fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó hó sí ojú pàlàpálá igi bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sá fóòmù, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kì í pa gbogbo ìdun, wọn a máa sá wọ inú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rírán rẹ̀; bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní, ìgbẹ́ wọn ni. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí ẹyin tí omi kò kàn yóò ti pa.

Ẹni tí yóò bá sì ra fóòmù àlòkù, kí ó tú aṣọ rẹ̀ wò kí ó tó sanwó. Bí ẹni tí ó ń tà á bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.