Afẹ́fẹ́ Rere Ni Agbára Ara

Lónìí a ó kà nípa ohun kan tí gbogbo wa ń lò tọ̀sán-tòru láìsanwó. Ohun náà ni afẹ́fẹ́. Ènìyàn lè gbààwẹ̀ oúnjẹ. Ó lè gbààwẹ̀ omi fún ọjọ́ kan. Ta ni ó lè gbààwẹ̀ afẹ́fẹ́?

Ìyá tí ń yan gàárì

Ní kíláàsì alẹ́ wa ní Mowe, ìyá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gàárì yíyan. Kíá ni ó mọ A, B, D. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde láti kàwé sókè, kì í ka ìlà méjì tán tí èémí rẹ̀ yóò fi já. Á wúkọ́, á nu ojú, á sì jókòó. A rò pé kì í ka ìwé rẹ̀ nílé ni. Ní ọjọ́ kan a bá a wí níwájú gbogbo kíláàsì. A ní, “Ìyá, ẹ yé fi ikọ́ ṣe àwáwí.” Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, tíṣà. Ojú mi mọ ìwé náà, àyà mi ni kò gbà.”

Lẹ́yìn èyí a lọ kí i níbi iṣẹ́. Ahéré kékeré ni. Ògiri rẹ̀ kan òrùlé, kò sì ní fèrèsé. Agbada mẹ́ta wà lórí iná igi. Èéfín kún ibẹ̀ bámúbámú. Kò pẹ́ tí omi fi bọ́ lójú wa, tí ikọ́ sì lé wa jáde. Ibẹ̀ ni ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ojú tì wá. Àwa ni a kò mọ ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe òun.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń di agbára

Bí a bá mí sínú, afẹ́fẹ́ á gba imú àti ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú afẹ́fẹ́ ni ohun kan wà tí a ń pè ní ọ́síjìn. Ẹ̀jẹ̀ wa dàbí dánfó tí ń ná Mowe sí Bẹ́gà. Ẹ̀dọ̀fóró ni gáréèjì rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ń kó ọ́síjìn bí èrò, tí ó sì ń gbé e lọ sí apá, ẹsẹ̀, ọkàn àti ọpọlọ. Ọ́síjìn yìí ni ara fi ń sọ oúnjẹ tí a jẹ di agbára.

Ṣùgbọ́n nínú èéfín igi, èédú àti jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ búburú kan wà. Orúkọ rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Èrò burúkú ni: ó gba ìjókòó, kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kún, ṣùgbọ́n èrò rere kò délé. Nígbà náà orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, ẹsẹ̀ á wúwo. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa ènìyàn sójú oorun.

Èéfín tún ní eruku wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń wọ̀ lọ. Ó ń fa ikọ́, ó ń ba ọkàn jẹ́, ó sì ń mú kí àyà àwọn ọmọdé máa dùn wọ́n.

Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ń gba púpọ̀

Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bí lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ó lè mí lítà 50. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì nìyẹn, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Nítorí náà, ẹni tí ń yan gàárì lójú èéfín àti ọmọ tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti ta omi lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ń gba èéfín sára ju ẹni tí ó jókòó lọ. Ẹni tí ó nílò agbára jù ni èéfín ń jà lólè jù.

Àwọn dókítà wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn láàrin ọdún 2013 sí 2015. Wọ́n mú aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, tí èéfín rẹ̀ kéré. Àwọn yòókù ń bá ìdáná wọn lọ. Nígbà tí oyún dàgbà, ìfúnpá àwọn tí ó gba sítóòfù náà dára ju ti àwọn yòókù lọ.

Kí ni a lè ṣe?

Gáàsì dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí kò bá lè rà á lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ gbé iná jáde sí gbangba tàbí sábẹ́ àtíbàbà. Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò.
2. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aboyún àti ọmọdé dúró lójú èéfín.
4. Ẹ má ṣe jó ọ̀rá àti táyà nítòsí ilé.
5. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀.
6. Ikọ́ tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Àwa àti àwọn aládùúgbò ìyá náà wó ògiri ahéré rẹ̀ ní apá méjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú kíláàsì tí a ti bá a wí. Ó ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ikọ́ náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dìde, ó sì ka odidi ojú ìwé kan láìjókòó. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ìyá náà kò lè kàwé sókè pẹ́?
2. Iṣẹ́ wo ni ọ́síjìn ń ṣe nínú ara?
3. Kí ló dé tí kò yẹ kí á gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?
4. Ẹ lọ wo ibi ìdáná yín. Níbo ni èéfín ń gbà jáde? Ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀.