Ọjà Tí A Bá Tà, Ṣé A Kì Í Gbà Á Padà?

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ ó ti rí i lára ògiri ìsọ̀ púpọ̀ pé ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti parí ẹjọ́. Nínú Ṣẹ̀ríà, kò tíì parí rẹ̀.

Àwọn òwò kan wà tí kò dúró rárá. Ìyọ́nú àwọn méjèèjì ni òwò dúró lé (ẹ wo Suuratu Nisaa, aaya 29). Ẹni tí wọ́n fi agbára mú ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, títà náà kò dè é, ìbáà tẹ̀ka síwèé níwájú ogún ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni garari, èyíinì ni títa ohun tí a kò mọ bí yóò ti já sí: ẹja inú odò, ẹran tó já okùn wọgbó, èso tí kò tíì gbó tí a fẹ́ fi sílẹ̀ lórí igi. Irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Òmíràn dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti yàn: kí ó gbà á bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó tú u ká. Èyí ni Lárúbáwá ń pè ní khiyaar. Àgbẹ̀ tí àwọn alárọ́bọ̀ lọ pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n ra iṣu rẹ̀ kí ó tó gbọ́ iye tí iṣu ń lọ, wà lára wọn. Hádíìsì Abu Huraira nínú ìwé Muslim fún un ní ẹ̀tọ́ yìí nígbà tó bá dé ọjà. (Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn ìyá wa kan nínú.)

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ara ògiri. Imaamu Maaliki mú un wá nínú Muwatta pé Abdullahi ọmọ Umar ta ẹrú kan ní 800 dírhámù, pẹ̀lú àdéhùn pé bí àléébù bá yọ, ọrùn òun ti mọ́. Ẹni tó rà á rí àìsàn lára ẹrú náà, ẹjọ́ sì dé iwájú Khalifa Uthman. Uthman kò fi àdéhùn náà nìkan dájọ́. Ó ní kí Abdullahi búra pé nígbà tí òun ń tà á, òun kò mọ̀ pé àìsàn wà lára rẹ̀. Abdullahi kọ̀ láti búra, ó sì gba ẹrú rẹ̀ padà. (Kì í ṣe pé ó purọ́, ẹni rere a máa sá fún ìbúra.) Ara ẹrú náà wá yá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tà á ní 1,500.

Ìwé Khaliil tilẹ̀ fi àyè irú àdéhùn yìí mọ sórí ẹrú nìkan, àti sórí àléébù tí ẹni tó ń tà kò mọ̀. Bí ẹni tó ń tà bá tọ́ka sí àléébù náà kí owó tó kọjá, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tó wá bá ibi tó ti là nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún un, kí ó má lò ó mọ́, kí ó gbé e padà, ohunkóhun tí ìbáà wà lára ògiri.